Ṣé Àfikún Sípíríǹgì Lè Mú Kí Ọkọ̀ Akẹ́rù Ru Ju Ìwọ̀n Rẹ̀ Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù tí wọ́n fi sípíríǹgì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ó ti lè ru ju ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ sí i lára lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Iṣẹ́ àfikún sípíríǹgì kò ju pé kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má wọlẹ̀ lọ. Bíréèkì, táyà àti ṣáásí (irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ ró) ṣì wà bí wọ́n ti wà, èyí tí agbára rẹ̀ bá sì kéré jù nínú wọn ni ó ń pinnu ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, bíréèkì yóò gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn títí agbára rẹ̀ yóò fi dín kù, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ tilẹ̀ dúró dáadáa. Ní tèmi, ṣáásí ni kí ẹ yẹ̀ wò jù, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti jó irin mọ́ ọn tàbí lu ihò sí etí rẹ̀ ni ó sábà máa ń sán. Bí ó bá ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́, ẹ tú omi inú táǹkì afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Bí ọ́ìlì púpọ̀ bá bá a jáde, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ ti ń gbó nìyẹn, ẹ sì lè fi ìyẹn ná an wálẹ̀.