Àárò Òṣogbo: Ẹ Bi Wá, A Dá Yín Lóhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mò ń kó lọ sí Kánádà lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó ti lọ ṣáájú ní òórùn aró ni àárò rẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ mí. Mo fẹ́ ra àdìrẹ elú mẹ́ta dání. Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó, kí ni mo sì máa ṣe tí kò fi ní ṣá?
Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ìlú aró là ń pe Òṣogbo, òórùn yẹn ò sì ṣeé dì sápò: inú ìkòkò ló ti ń wá, níbi tí elú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, ti ń kẹ̀ nínú omi eérú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ lẹ lè gbé. Ẹ jẹ́ ká yàn án dáadáa.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn àdìrẹ elú tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ṣe ọnà sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú ju iwájú lọ, ọnà ibẹ̀ kì í sì í hàn kedere. Ọnà iwájú pàápàá kì í funfun nini. Aró máa ń yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ díẹ̀, ó sì ń dà bí àwọ̀ ojú ọ̀run. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá rí bákan náà, tí ìlà tín-ín-rín bí iṣan ewé sì gba inú ọnà kọjá, àbẹ́là ni wọ́n fi ṣe é. Kámpàlà nìyẹn. Ó dára láyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má san owó elú lé e lórí.

Ẹ bi aláró pé ẹ̀ẹ̀melòó ló rì í. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín báyìí. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn kí wọ́n tó tún rì í. Èyí tí wọ́n rì pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òde lásán ni aró rẹ̀ wà, kì í pẹ́ ṣí.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Ẹ ṣan án ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin títí omi á fi mọ́. Iyọ̀ àti fínígà ò lè mú un dúró: aró elú ò yọ́ nínú omi, ara òwú ló lẹ̀ mọ́, èyí tí kò lẹ̀ dáadáa ló ń ṣí. Háípò ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Ibi tó bá ta bá á ṣá, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ má fi máṣíìnì fọ̀ ọ́, torí ibi tí aṣọ bá ti ń ha ara ló ti ń bó. Ibòji ni kí ẹ sá a sí. Nínú àpótí, ẹ máa yí ojú ìká rẹ̀ padà. Ojú kan náà ló ń yọ ìlà funfun.

Oṣù wo ni kí n gba ìsinmi kí n lè bá ọdún Ọ̀ṣun nílé?
Ìyá Ìbejì, Àbújá

Oṣù kẹjọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ètò náà ń gbà. Ìwọ́pópó, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ ìlú, ló ń ṣáájú; lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á tan fìtílà Olójúmẹ́rìndínlógún lálẹ́, wọ́n á ṣe Ìbọríadé, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn ọba àtijọ́ jọ fún ìwúre, Arugbá á sì ru igbá lọ sódò lọ́jọ́ àṣekágbá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àṣekágbá sábà máa ń bọ́ sí, àmọ́ ẹ dúró gbọ́ ìkéde kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Etí odò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ, èrò á sì bo Arugbá mọ́ wọn lójú. Ẹ tètè dúró sẹ́bàá ààfin, níbi tó ti ń jáde. Bí àyè bá sì gbà yín, ẹ má jẹ́ kí alẹ́ fìtílà fò yín. Àárò rẹ̀ máa ń pẹ́ lára.

Ṣé mo lè bu omi Ọ̀ṣun lọ sókè òkun?
Bọ̀dá Ayétòrò

Ẹ lè bù ú, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún. Ìwakùsà góòlù lápá òkè odò ti sọ omi náà di ẹrẹ̀. Ìgò tí ẹ bá fẹ́ gbé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 100 lọ. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, inú àpótí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ sì fi ọ̀rá méjì wé e.