Ẹ Bi Wá: Ògiri Yòrò, Òrùlé Ṣẹ́kù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n mú àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ààfin àtijọ́ ti Déjì ní Àkúrẹ́. Olùkọ́ wa pe àwọn ua (àgbàlá) inú ààfin náà ní "impluvium", ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Etruscan ayé àtijọ́ ní Ítálì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọ̀dọ̀ wọn làwa náà ti kọ́ ọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Orúkọ nìkan ló ti òkèèrè wá. Ní Róòmù, impluvium ni kòtò pẹrẹsẹ àárín ilé tí omi òjò ń dà sí láti ojú ihò òrùlé. Àwọn òyìnbó tó rí àgbàlá tiwa, tí òrùlé dà sínú rẹ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló fi orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ pè é. Àwọn tó kọ́ ilé Déjì kò nílò olùkọ́ láti Ítálì kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń gba omi òjò.

Bí ẹ bá tún padà lọ, ẹ wo ohun tó gbé etí òrùlé dúró, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Nínú ilé Yorùbá, òpó ló sábà máa ń yí àgbàlá ká. Vitruvius ará Róòmù, tó kọ̀wé lórí ilé kíkọ́ láyé Augustus olú-ọba, ṣàlàyé pé irú tàwọn Etruscan kò ní òpó rárá. Ìtì igi méjì ni wọ́n gbé dábùú àgbàlá láti ògiri dé ògiri, wọ́n fi igi kéékèèké so méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n da igi òrùlé sí i láti ìhà mẹ́rin. Ilẹ̀ àgbàlá á gbayè dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù òrùlé dọwọ́ ìtì igi méjì yẹn. Bí àgbàlá bá ṣe fẹ̀ tó ni igi ọ̀hún gbọ́dọ̀ ṣe nípọn tó.

Ìbéèrè: Àwọn Etruscan tí ẹ ń sọ yìí, kí ló dé tó jẹ́ ibojì wọn nìkan là ń rí nínú àwòrán? Ilé wọn dà? (Olùkàwé kan, Oǹdó)

Ìdáhùn: Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ibojì wọn ní ìlú Cerveteri ní Ítálì, inú túfà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Òkúta tó ti inú iná òkè ayọnáyèéfín jáde ni túfà, ó rọ̀ débi pé irin lè gé e. Wọ́n gbẹ́ igi àjà sára òkè yàrá òkú, wọ́n gbẹ́ ibùsùn àti àga sílẹ̀. Nínú ibojì kan níbẹ̀, wọ́n mọ ọ̀bẹ, okùn àti ìrọ̀rí sára òpó àti ògiri, bí ẹni pé onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ilé òkú wọn ló ń sọ bí ilé alààyè wọn ti rí.

Ilé alààyè fúnra rẹ̀, ẹ lọ bá a ní Acquarossa, nítòsí Viterbo ní Ítálì, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ará Sweden ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1966. Ìpìlẹ̀ òkúta wà nísàlẹ̀, ògiri ti yòrò di ilẹ̀, táìlì amọ̀ tí wọ́n ti sun sì fọ́ lé e lórí. Ẹni tó bá ń kánjú yóò fi ṣọ́bìrì gba inú ògiri kọjá láìmọ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti ti ilẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ìmọlé ha ilẹ̀ náà títí yóò fi dán, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dúró. Ibi tó jẹ́ ògiri sábà máa ń gbẹ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀.

Irú táìlì méjì ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ga lọ́tùn-ún lósì. Èkejì tẹ̀ bí ọ̀pá tí a là sí méjì, òun ni wọ́n fi ń bo ojú ibi tí pẹrẹsẹ méjì ti pàdé. Wọ́n ń po yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ amọ̀ kí ó má baà sán nínú iná. Bí táìlì bá gbẹ láìdọ́gba, etí rẹ̀ á ká, ẹnìkejì rẹ̀ kò ní jókòó lé e dáadáa, omi á wọlé, ògiri amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ á sì rọ̀. Ìwọ̀n ara wọn ló ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn dúró, nítorí náà òrùlé kò gbọdọ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, kí wọ́n má baà yọ̀ bọ́.

Ní Poggio Civitate, ibùgbé Etruscan mìíràn nítòsí Murlo ní Ítálì, wọ́n ti tẹ́ táìlì tútù sílẹ̀ kí ó gbẹ nígbà tí iná sọ ní ibi iṣẹ́ náà, ní ohun tó lé ní 600 ọdún kí a tó bí Jésù. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré gba orí táìlì tútù náà kọjá. Ojú ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lára amọ̀ náà títí dòní.

Ìbéèrè: A ń gbẹ́ sọkawéè nínú ilé bàbá ńlá wa ní Àkúrẹ́, àpáàdì tó ní àrà lára ń jáde. Ẹnì kan ní òun fẹ́ rà á. Kí la ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Lọ́dún 1972, ilé ọnà Metropolitan ní New York san mílíọ̀nù kan dọ́là lórí ìkòkò ayé àtijọ́ tí Euphronios ará Gíríìkì ya àwòrán sí, tí àwọn olè ibojì hú ní Cerveteri. Ìkòkò náà padà sí Ítálì lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n òkú tí wọ́n sin ín tì àti gbogbo ohun tó yí i ká ti sọnù pátápátá. Ẹ fi èyí wé Ọ̀wọ̀, níbi tí Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà, ti rọra hú ère amọ̀ ní Igbó'Lájà lọ́dún 1971. Èédú tó bá wọn nínú ilẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n ti lé ní 500 ọdún.

Ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ ránṣẹ́ sí ilé ọnà ìjọba, ọ̀kan wà ní Ọ̀wọ̀. Kí wọ́n tó dé, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáàdì tó ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi téèpù wọn bó ṣe jìn tó láti òkè. Èyí tó ti jáde ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ kọ ìwọ̀n náà sára rẹ̀. Ẹ má fọ̀ wọ́n o: èéfín àti èépá inú wọn lè sọ ohun tí wọ́n fi sè.