Mọ́tò ẹ̀rọ ìlọke mi ń jó ṣáá: ṣé sẹ́ńsọ̀ àti òye àtọwọ́dá ló kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Odógunyàn, ní Ìkòròdú, ni mo ti ní ilé iṣẹ́ ike. Mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àlòkù ike kì í pẹ́ jó, bẹ́árìn rẹ̀, ìyẹn ohun tí ọ̀pá mọ́tò ń yí lórí rẹ̀, kì í sì í tọ́jọ́. Wọ́n ní kí n ra sẹ́ńsọ̀, ohun èlò tó ń ka gbígbọ̀n ẹ̀rọ, tí òye àtọwọ́dá yóò fi máa ta mí lólobó kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kàn. Bí mọ́tò bá ń jó lemọ́lemọ́, iná ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Bí fóólìtì féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn okùn iná mẹ́ta tó ń gbé iná wọ mọ́tò, kò bá dọ́gba, tí ìyàtọ̀ náà tó ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbóná mọ́tò lè fi nǹkan bí ìdá 25 pọ̀ sí i. Bí féèsì kan bá sì lọ pátápátá, mọ́tò lè ṣì máa yí títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jó. Kí ìkìlọ̀ tó dé orí fóònù yín, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi ohun èlò tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí féèsì bá ní ìṣòro síbẹ̀; owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀.

Ti bẹ́árìn yàtọ̀, nítorí pé ó sábà máa ń gbọ̀n lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú; ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ti wúlò. Gbígbọ̀n tún lè fi àìsàn mìíràn hàn. Mọ́tò tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá: bí gbígbọ̀n náà bá ń bá ìyíká rìn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀bẹ tó ń gé ike ní ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ ju èkejì lọ, bó bá jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀pá mọ́tò àti ti ohun tó ń yí kò wà lójú ìlà kan náà. Ara ilé bẹ́árìn gan-an ni kí wọ́n de sẹ́ńsọ̀ mọ́ pinpin, kì í ṣe ara ìbòrí fáànù, páànù tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀.

Ìṣòro ẹ̀rọ ìlọke ni pé ike tó ń fọ́ nínú rẹ̀ ń pariwo bo gbogbo àmì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, láràárọ̀, kí ẹ tó da ike sí i, ni kí sẹ́ńsọ̀ ti máa ka gbígbọ̀n rẹ̀. Kí ó sì mọ ìgbà tí ẹ wà lórí jẹnẹrétọ̀, torí pé bí jẹnẹrétọ̀ bá ń sáré sókè sódò, mọ́tò náà á máa bá a ṣe é, òye àtọwọ́dá tí kò mọ̀ yóò sì máa pariwo lásán títí àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò fi dẹ́kun àtikà á sí. Nígbàkígbà tí mẹkáníìkì bá tú ẹ̀rọ, ẹ kọ ohun tó bá níbẹ̀ fún òye àtọwọ́dá náà, kó lè mọ àmì tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ fi ẹ̀rọ kan yìí bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá sẹ́ńsọ̀ náà lè tọ́jú ohun tó kà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ.