Ìgúnpá ọmọ mi ń dùn ún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, já bọ́ lórí igi máńgòrò ní Ikorodu, ó sì fi ọwọ́ balẹ̀. X-ray ò fi hàn pé eegun kankan dá, àmọ́ tí mo bá ní kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gba owó, ariwo ló máa ń pa. Ìyá ọkọ mi ní ká lọ fi òrí wọ́ ọ.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ, ìgúnpá lè gan pátápátá. Yíyí ọwọ́ tó ń dùn ún yẹn ló mú mi fura, torí ọrùn eegun ọwọ́ tó wà níhà àtàǹpàkò, lẹ́bàá ìgúnpá, lè sán lára ọmọdé tó bá fi ọwọ́ balẹ̀, X-ray àkọ́kọ́ sì lè má gbé e, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú oríkèé nìkan ni dókítà lè fi mọ̀. Ẹ padà lọ bá dókítà eegun. Tí ọrùn eegun náà bá sán, àmọ́ tí ò tẹ̀ ju bíi 30 degree lọ, wọ́n á fi aṣọ gbé e kọ́rùn tàbí kí wọ́n fi P.O.P. (símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun) sí i fún bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á kun ún lóorun kí wọ́n tó tì í padà, iṣẹ́ abẹ ò pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ tí ìka bá tutù tàbí tó kú tipiri, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́ o.