Epo wo ló yẹ kí ọdẹ fi pa ìbọn ṣakabùlà ní àsìkò òjò?

Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ló dára jù fún ọdẹ Kàbà tàbí Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí tó ní ìwé àṣẹ ìbọn: ó fẹ́lẹ́, kì í tètè lẹ̀, kò sì wọ́n lọ́jà.

Ṣùgbọ́n epo nìkan kò tó. Lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, ẹ̀tù dúdú máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Iyọ̀ yìí ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra tí irin fi ń dógùn-ún. Bí a bá da epo lé e lórí láìfọ̀ ọ́, abẹ́ epo ni irin yóò ti máa dógùn-ún. Nítorí náà, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú ìbọn, kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ihò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ nù ún gbẹ pátápátá, kí ẹ tó fi aṣọ tó ní epo díẹ̀ ra á. Ẹ nu epo inú ihò náà kúrò kí ẹ tó tún ki ìbọn, torí epo máa ń sọ ẹ̀tù di tútù, ìbọn sì lè má dún.

Òróró ẹ̀pà máa ń di gọ́ọ̀mù bó bá pẹ́. Epo pupa àti òrí máa ń dì lásìkò ọyẹ́. Kẹrosíìnì ń fọ ìdọ̀tí, àmọ́ ó tètè ń fò lọ. Epo ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ti dà nù kò yẹ rárá. Ìdọ̀tí àti ásíìdì wà nínú rẹ̀.

Ìbọn oníkàtíríìjì yàtọ̀: a kì í sábà fi omi fọ̀ ọ́.