Ẹ Kọ́kọ́ Kó Ẹ̀rí Iṣẹ́ Yín Jọ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ béèrè bóyá àmì ẹ̀yẹ ńlá lè dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó ti dé rí, ní Àbújá wa níbí. Ní ọdún 2018, Ọlásúnkànmí Ọ̀pẹ̀ifá, tí ó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Karu, gba Maltina Teacher of the Year, àmì ẹ̀yẹ ọdọọdún fún olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2020, ó wà lára àwọn mẹ́wàá tí wọ́n ṣẹ́ kù nínú ìdíje Global Teacher Prize, èyí tó wà fún àwọn olùkọ́ káàkiri àgbáyé. Ranjitsinh Disale láti ilẹ̀ Íńdíà ni ó gbégbá orókè, ó sì pín ìdajì mílíọ̀nù kan dọ́là rẹ̀ fún àwọn mẹ́sàn-án yòókù, ìwà tí orí mi ṣì ń wú sí títí di òní.

Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé du àmì ẹ̀yẹ tí n kò rí i gbà. Ní àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí mi àti iye ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni mo kọ kún ojú ewé mẹ́ta, wọn kò sì pè mí. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo kọ ọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń kàwé dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rí hàn, n kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ó dùn mí wọ eegun, nítorí pé òótọ́ ni mo sọ.

Láti ìgbà náà, bí àwọn òbí bá ti gbà, mo máa ń fi fóònù gba ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, ìpínrọ̀ kan náà ni wọn yóò sì tún kà ní ọ̀sẹ̀ ìparí. Ní Nyanya tí mo ti ń kọ́ni, àwọn ọmọ Hausa sábà máa ń fi f pe p, àwọn ọmọ Yorùbá a sì máa fi f pe v, torí pé ìró wọ̀nyẹn kò sí nínú èdè ilé wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn méjèèjì kò nílò kí n yin ara mi. Mo tún ń tọ́jú àròkọ wọn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, pẹ̀lú déètì lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí náà ni mo kọ́kọ́ máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́) tí wọ́n bá wá ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, lọ́dọ̀ mi. Ó yẹ kí àmì ẹ̀yẹ tiwọn náà pọ̀ sí i, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fà sí iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ rí i pé orúkọ yín wà nínú ìwé TRCN, àjọ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí táàmù tuntun bá wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì tíì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni títí táàmù náà yóò fi parí.