Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Sìgá kan ṣoṣo níbi ìkómọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, àtìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ni mo sì ti ń fa sìgá. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, mo fi í sílẹ̀. A túnu tán, mi ò padà sí i, ìyàwó mi sì ń yìn mí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ikọ́. Ikọ́ tí mi ò hú nígbà tí mò ń fà á ni mo wá ń hú, tòun ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní sìgá ni ara mi ń wá. Níbi ìkómọ kan ní Bàrígà, ẹnì kan na ọ̀kan sí mi, mo ní ọ̀kan ṣoṣo kò lè ṣe nǹkan kan. Ní báyìí mo ti ń ra mẹ́ta, mẹ́rin lójúmọ́ lọ́dọ̀ mọ́là tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ṣé ọkàn mi ni kò le tó ni? Ẹnì kan tún ní kí n lọ mu àgbo kan tó ń lé sìgá jáde lára.
— Bàbá Ìbejì, Ṣómólú

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ìgbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ikọ́ dẹ́rù bà padà sídìí sìgá. Irun wẹ́wẹ́ kan wà lójú ọ̀nà tí èémí wa ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ojú lásán ò lè rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí sókè kí a lè hú u jáde. Èéfín sìgá ló ń rọ irun yìí. Bí èèyàn bá jáwọ́, irun náà á jí padà, á sì dojú kọ ìdọ̀tí tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ìwòsàn ni ẹ ń gbọ́ yẹn, kì í ṣe àìsàn.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí pa ikọ́ mọ́ra. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tí ẹ bá ń rù, tí òógùn ń bò yín lóru, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí táwọn dókítà ń pè ní TB. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀. Sìgá máa ń jẹ́ kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè rí èèyàn mú. Ẹ̀ka ikọ́ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì ní yéé sọ ọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọkàn tí kò le. Ẹni tó gbààwẹ̀ odindi oṣù kan, tí kò fọwọ́ kan sìgá láti sààrì títí di ìṣínu, tó sì tún kọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọdún, ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ le. Nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń so èèyàn mọ́ sìgá, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá fa èéfín sínú, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló ti dé ọpọlọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì, bí ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á sì tún máa bèèrè. Ìyẹn ló ń fa inú bíbí, àìróorun sùn àti ebi àpajùbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, nígbà tí oṣù kan bá sì fi pé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Ẹ ti la ibẹ̀ yẹn kọjá. Ohun tó gbá yín mú ní Bàrígà kì í ṣe ara yín, ibi tí ẹ wà àti àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀ ni.

Mo mọ Ṣómólú díẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, èmi fúnra mi ni mo lọ jókòó ti àwọn atẹ̀wé lórí ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Mo wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rántí sìgá. Àmọ́ iná lọ, wọ́n bọ́ síta. Pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ò tíì dé, wọ́n bọ́ síta. Ẹni tó gbéṣẹ́ wá ò tíì fọwọ́ sí i, yíǹkì ò tíì gbẹ, ọ̀dọ̀ mọ́là ni gbogbo wọn tún wà. Bàbá Ìbejì, ìgbà tí ẹ bá ń dúró de nǹkan ni sìgá ń rí yín mú. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ wá nǹkan fún. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ gba pléètì náà wá. Ẹ fi omi tútù sítòsí, ẹ fi orógbó tàbí pákò sẹ́nu. Orógbó kì í wo sìgá o, ẹnu àti ọwọ́ ló ń fún níṣẹ́ ṣe. Òǹgbẹ sìgá kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó rọlẹ̀, ẹ fà á o, ẹ ò fà á o.

Kí ẹ sì bá mọ́là yẹn sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, pé kó má ta fún yín mọ́. Ojú á kọ́kọ́ tì yín. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ní kí wọ́n má tú sìgá tà lọ́kọ̀ọ̀kan, páálí tó ní sìgá 20 ni kí wọ́n máa tà. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí ní títì Èkó. Ó sì ń dùn mí, torí ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni owó ọmọdé ká, òun náà ló sì ń fa ẹni tó ti jáde padà sínú rẹ̀.

Ní ti àgbo, ara fúnra rẹ̀ ló ń lé nikotíìnì jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá ti jáwọ́, kò nílò àgbo kankan fún un. Ẹ fi owó yẹn tọ apoògùn tó níwèé lọ, kí ẹ béèrè ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà wọ́n mọ́ oògùn tó pọn dandan. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn ló ní in, ẹ fara balẹ̀ wá a. Ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, ẹ kọ́kọ́ sọ fún apoògùn náà.

Ṣingọ́ọ̀mù yìí ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí yóò fi máa ta yín lẹ́nu bí ata. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ tì í sáàárín èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún tì í síbẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ ní àjẹgbémì, òsúkè àti inú rírun ló máa kó bá yín. Ẹ má sì mu kọfí tàbí mínírà ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fa sìgá àkọ́kọ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tó jí, èyí tó lágbára jù ni apoògùn máa fún un.

Ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí yín fún mi. Àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé àwọn dókítà ọkùnrin fún àádọ́ta ọdún, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2004. Ẹni tó jáwọ́ ní ẹni 40 ọdún jèrè nǹkan bí ọdún 9 ju ẹni tó ń fà á lọ. Ẹni 50 ọdún jèrè 6, ẹni 60 ọdún jèrè 3. Àwọn ìbejì yẹn nílò àwọn ọdún yẹn.

Màmá, yàrá kan là ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, oṣù márùn-ún sì ni ọmọ wa. Ojú fèrèsé ni ọkọ mi ti ń fa sìgá, ó ní èéfín ń jáde síta. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìjà ni.
— Ìyá Ọmọ Tuntun

Ọmọ mi, èéfín yẹn kì í jáde tán. Ó ń wọ kọ́tìnnì, ó ń wọ ibùsùn, ó ń wọ ẹ̀wù tó fi ń gbé ọmọ mọ́ àyà. Mímí ọmọ ọwọ́ yá ju tiwa lọ. Èéfín sìgá ń fa òtútù àyà, etí dídùn àti ikọ́ fée fún àwọn ọmọ kékeré, ó sì ń dá kún ikú òjijì lójú oorun. Má tíì bá a sọ pé kó jáwọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ fún: kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì fa tirẹ̀, kó fọwọ́, kó pààrọ̀ ẹ̀wù kó tó gbọ́mọ. Má sọ ọ́ nígbà tí sìgá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kó jẹun tán, kí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tó o bá ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mú un dání, kó o sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kì í gbọ́ ti ìyàwó máa ń gbọ́ tiwa. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣíṣà, tábà tí wọ́n ń fi ìgò olómi fà, tó ń ta sánsán bí èso, ṣé omi inú rẹ̀ kì í sẹ́ èéfín náà ni?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Akòka

Rárá. Omi kàn ń mú un tutù ni, ìyẹn ló fi ń rọrùn láti fà wọlé jìn. Bí ìgbà 20 lèèyàn ń fa sìgá kan kó tó tán, àmọ́ ẹni tó jókòó ti ṣíṣà fún wákàtí kan lè fà á tó ìgbà 200. Èédú orí rẹ̀ tún ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan náà tó ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ níbẹ̀, jáde síta kíákíá. Má jẹ́ kí wọ́n ní kó o jókòó, pé yóò lọ fúnra rẹ̀.